Ẹni Tó Kọ Ètò Wa Ti Jápa

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn: ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni náà ò sì sí nítòsí mọ́, tàbí ó ti fẹ́ máa lọ. Láti 2009 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ. Mo ti jẹ́ ẹni tó lọ, mo sì ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́yìn tí ẹlòmíì bá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyáàfin. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa 412 la wà nínú ẹgbẹ́. Ní 2018, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ bá wa kọ ètò kan tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ oṣooṣù, ẹ̀yáwó àti èlé. Bí ẹnì kan bá sanwó, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, a ò ní parọ́. Ọmọ náà jápa lọ sí Kánádà ní 2023. Ó kọ́kọ́ máa ń dá wa lóhùn lórí WhatsApp. Láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àmì kan ṣoṣo la ń rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa, kì í di méjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ò lọ mọ́ láti oṣù kejì, ọ̀dítọ̀ sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Alága ní ká gbé e fún ẹlòmíì kó kọ tuntun. Akápò ní ká padà sídìí lẹ́jà. Àwọn kan tiẹ̀ ní ká lọ fẹjọ́ ọmọ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Èwo ni ká ṣe?
Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rárá. Ọmọ yín ni. Ọdún márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ fún yín, kò sì kó owó ẹnikẹ́ni lọ. Kọ́kọ́rọ́ ló mú lọ láìmọ̀, bí ọmọṣẹ́ tó ti wọ ọkọ̀ Èkó tán kó tó fọwọ́ kan àpò, tó wá rí i pé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun ṣì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó máa wá ọmọ náà kiri, iṣẹ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ètò náà ṣì ń ṣí. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ owó yín jáde nínú rẹ̀. Ẹ wọ ojú ewé tí ẹ ti ń rí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí bọ́tìnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ́ di Excel, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ wá ọmọ méjì tó mọ kọ̀ǹpútà lò, kí ọ̀kan máa kà, kí èkejì máa tẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà, owó ìfipamọ́, gbèsè tó kù lọ́rùn, èlé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí orúkọ 40 bá wọ ojú ewé kan, ojú ewé 11 ló máa gba gbogbo yín. Kí ẹ̀yin, alága àti akápò fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ ogún èèyàn, ẹ fi wé ohun tí ẹ tẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó bára mu. Kí ẹ̀dà kan wà ní ọ́fíìsì, kí èkejì wà nílé akápò, kí ẹ fi ẹ̀kẹta sínú ímeèlì ẹgbẹ́. Ìwé yìí gan-an ni ọ̀dítọ̀ máa béèrè, ẹ ò sì ní bá a jà.

Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù láti ìsinsìnyí lọ, kódà bí ọmọ náà bá padà sọ́dọ̀ yín lọ́la. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹrù, ètò yẹn ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ lè taku ní Ṣágámù, ẹ ó wá òmíràn. Ẹrù ni kò gbọdọ̀ sọnù.

Ẹ wá lọ bá ìyá ọmọ náà. Ẹ ò lọ ká a mọ́lé o. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín jíṣẹ́. Kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ò ní kó padà wá máa ṣiṣẹ́, pé kọ́kọ́rọ́ ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbà, àti pé ẹgbẹ́ á sanwó fún un. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sá fún fóònù oníbàárà àtijọ́. A mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò lópin ló wà lẹ́yìn ìpè yẹn: lónìí àtẹ̀jíṣẹ́, lọ́la èlé, lọ́túnla ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílùú onílùú, tó ń sùn lọ́sàn-án, á kàn dojú fóònù délẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ iye wákàtí tí ẹ fẹ́, tí ẹ sọ iye owó tí ẹ máa san, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹ ní wákàtí mẹ́rin, ọjọ́ Sátidé méjì. Aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ yín, ọ̀sán ṣì ni ní Toronto.

Nígbà tó bá jókòó, kóòdù nìkan, ìyẹn ìwé àṣẹ tó kọ tí ètò náà fi ń ṣiṣẹ́, kọ́ ni kí ẹ gbà. Ẹ gba páàsìwọ́ọ̀dù sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba orúkọ ìkànnì yín. Bó bá parí sí .ng, àjọ tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tí NiRA fọwọ́ sí ló sì ń tà á. Ẹ wá rìsíìtì, kí ẹ wo orúkọ ẹni tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí oníǹkan. Bó bá jẹ́ orúkọ ọmọ náà, kó yí i sí ti ẹgbẹ́. Ẹ gba àkáǹtì tí ó fi ń ra àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìṣòro oṣù kejì yín ti wá: owó tán lórí àkáǹtì tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí, ìkìlọ̀ sì ń lọ sínú ímeèlì tí kò wò mọ́. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ so mọ́ ímeèlì kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí èèyàn mẹ́ta lè ṣí. Kó má jẹ́ tiyín nìkan, Bàbá, torí ẹ̀yin náà ò ní ṣe akọ̀wé títí ayé.

Ìwé kan tún wà láti gbà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, tí kò sì sí ìwé àdéhùn tó sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó pé. Ẹnu máa ń ya àwọn ẹgbẹ́ bí mo bá sọ èyí fún wọn. Nítorí náà, kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kan kóòdù yẹn, kí ọmọ náà fọwọ́ sí ojú ewé kan ṣoṣo: pé ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, láti tún un ṣe, àti láti gbé e fún ẹnikẹ́ni tún ṣe, títí láé. Kí lọ́yà bá yín kà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyẹn. Wọ́n á gba fláàṣì tí kóòdù wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi sínú dúrọ́ọ̀ alága, wọ́n á ní ó tán. Kò tíì tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí fún yín.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá iléèwé aládàáni kan pè mí sí Bódìjà ní Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó kọ ètò èsì ìdánwò wọn ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ tuntun ní Àbújá, ó sì ti kó ohun gbogbo sílẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọmọ kan tí kò rí ètò náà rí, àti láptọ́ọ̀pù tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Sángo. A gbé fláàṣì fún un, a ní kó gbé ètò náà dìde. Ẹni tó kọ ọ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé. Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe é bíi kó sọ.

Aago mẹ́wàá la bẹ̀rẹ̀. Títí di aago mọ́kànlá, ojú ewé funfun báláú la ń wò. PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ ètò náà, ẹ̀dà 7.4 ló sì ń gbé lórí, èyí tí àwọn tó ni ín ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti oṣù kọkànlá 2022, PHP tuntun ló sì wà lórí láptọ́ọ̀pù. A yanjú ìyẹn. Ó tún kọ̀, kò rí ibi tí dátà wà. Fáìlì kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .env, àmì ìdánudúró ló ṣáájú orúkọ náà, àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í sì í fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ han ojú. Òun ló ní gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù nínú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ń da fáìlì sórí fláàṣì, ojú rẹ̀ ò rí i, ó sì fi í sílẹ̀. A wá a rí. Nígbà tó máa fi di aago méjì, ètò náà ti ṣí, orúkọ àwọn ọmọ ti jáde, ọ̀gá iléèwé ti ń pàtẹ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n tẹ èsì ọmọ kan jáde. Ó jáde. Gbogbo máàkì pé, àmì iléèwé wà lókè, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ipò ọmọ náà nínú kíláàsì sí, òfìfo ni. A wá inú kóòdù títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń ka ipò. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Ní 2019, ó ti lọ fọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ kékeré kan sórí sáfà tó máa ń jí ní aago méjì òru, tó máa to àwọn ọmọ ní ẹsẹẹsẹ, tó sì máa padà sùn. Kò sí nínú kóòdù, kò sí nínú ìwé tó kọ sílẹ̀. Ó ní, “Mà, mo ti gbàgbé pé mo ṣe é.”

Ẹ wò ó, Bàbá, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Ó gbàgbé ni. Ní aago mẹ́rin, nǹkan méje ló wà lórí bébà rẹ̀, bébà yẹn ló sì di ìwé ìlànà tí iléèwé náà ń lò dòní. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó lọ láìṣe ìdánwò yìí, ìparí sáà ni wọn ì bá tó mọ̀, nígbà tí òbí 300 bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní tiyín, ó lè jẹ́ èlé ló ń jí lóru. Nítorí náà, kí Sátidé kejì yẹn jẹ́ ọjọ́ ìdánwò: ọmọ kan nílùú yín, láptọ́ọ̀pù òfìfo, kí ti Kánádà máa wò ó lórí fóònù, kó sì pa ẹnu mọ́.

Ní ti alága àti akápò: ẹ má tíì kọ tuntun. Ètò tuntun láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo mìíràn, ibi tí ẹ wà yìí náà ni ẹ ó padà sí. Bí ọmọ náà bá kọ̀ tí kò dáhùn rárá, àkọsílẹ̀ owó yín ti wà lọ́wọ́ yín, Excel lè gba èèyàn 412 dáadáa títí ẹ ó fi rí èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jọ ń lò, tó jẹ́ pé èèyàn tó ń tọ́jú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Èmi nìkan ni mo kọ ètò tí iléèwé 23 ń lò ní Èkìtì àti Oǹdó, èmi nìkan náà ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí ìwé ìwọlé gbà sí yunifásítì kan nílùú Ọba fún oṣù kẹsàn-án. Mi ò fẹ́ já àwọn èèyàn mi sílẹ̀. Ẹnì kan tí mo mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ní òun á bá mi máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà kó gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù fún òun. Ó mọ iṣẹ́ gan-an. Ṣé kí n gbà fún un? Ìdè kan sì wà nínú ètò náà tó máa ń tì í pa bí iléèwé ò bá san owó ọdún. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?
Aláìfẹ́já-wọn-sílẹ̀, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìmúra. Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìdè yẹn, torí òun ló ń dùn mí jù.

Ní 2012, mo kọ ètò ìtajà fún ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Òṣogbo. Èmi náà fi ìdè sí i. Ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ètò náà á béèrè nọ́ńbà tuntun, èmi nìkan ni mo sì ní in. Ní oṣù kejìlá 2015, ọkọ̀ gbá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù mi sì fọ́ pátápátá. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n kàn sí ẹni tó ṣe é. Wọ́n pè mí títí. Ìyàwó oní-ṣọ́ọ̀bù fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta oògùn láti inú orí, kò mọ èyí tó kù nílé, kò mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kọjá. Ìyá àgbà kan tó máa ń wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dé, kò mọ orúkọ rẹ̀, “èyí funfun kékeré yẹn” ló máa ń pè é, inú ètò mi sì ni orúkọ oògùn náà wà. Àwọn èèyàn yẹn ò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Wọ́n ti sanwó ọdún náà láti oṣù kọkànlá. Èmi ni mi ò tíì tẹ nọ́ńbà.

Nígbà tí mo lè rìn, gbogbo ibi tí mo ti kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo padà lọ, mo sì yọ ìdè náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yọ tìrẹ kúrò kí o tó wọ bàálù. Bó o bá fẹ́ kí ó máa rán wọn létí owó, jẹ́ kó kọ ọ́ sókè ojú ewé pẹ̀lú lẹ́tà pupa, ṣùgbọ́n kó má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹni tó fẹ́ bá ọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, rárá, má kó páàsìwọ́ọ̀dù fún un. Jẹ́ kí n sọ ìdí. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè, ó sì wà lórí àìmọye sáfà tó ń lo Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, káàkiri ayé. Lasse Collin, ará Finland, ló ń tọ́jú rẹ̀ láìgba owó. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́, àtúnṣe tó dára. Ní 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ dìde, wọ́n ń dá Collin lẹ́bi pé ó ń falẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ara òun ò le, pé iṣẹ́ tí òun ń fínnúfíndọ̀ ṣe ni. Nígbà tó yá, Jia Tan di ẹni tó ń bá a gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, tó jáde ní oṣù kejì àti oṣù kẹta 2024, ó ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan pamọ́ tí olè lè gbà wọ sáfà. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, ló kíyè sí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ó sì figbe ta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ẹni tó fẹ́ jalè yẹn lo ohun tó lé ní ọdún méjì láti fi ṣe ọmọ dáadáa. Oṣù mẹ́ta lo fi mọ tìrẹ. Mi ò pè é lólè o, ṣùgbọ́n ẹni tí o ò lè mú dé ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé kan ní Ìkéré kí o ní “ẹni tó máa rọ́pò mi rèé,” orúkọ àwọn ọmọ iléèwé 23 kò gbọdọ̀ dọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kò ní gbà á lẹ́nu rẹ pé o kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Èyí tó dára náà wà. Bram Moolenaar, ará Netherlands, ló gbé Vim jáde ní 1991, ètò tí àwa akọ-kóòdù fi ń kọ̀wé. Kì í gba owó lórí rẹ̀; ó ní kí ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ fi owó ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Kibaale ní orílẹ̀-èdè Uganda. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 2023, ẹni ọdún 62. Christian Brabandt, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ lórí Vim láti ọ̀pọ̀ ọdún, ló gba iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn sì tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2024, Vim 9.1 jáde, wọ́n sì fi ṣe ìrántí Moolenaar. Ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti wà nínú iṣẹ́ náà tipẹ́ kí ikú tó dé. Kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Torí náà, má dúró di oṣù kẹjọ. Wá ẹnì kan tó wà nítòsí, bóyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní FUTA tàbí ní EKSU, ẹni tí o mọ ilé àwọn òbí rẹ̀. Sanwó fún un nínú ohun tí iléèwé ń san, torí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ sú èèyàn. Kó ṣe ìdánwò láptọ́ọ̀pù òfìfo tí mo sọ fún Bàbá lókè yẹn. Nígbà tí èsì ìparí sáà bá dé ní oṣù keje, kó dá a ṣe fún gbogbo iléèwé 23 náà. Ìwọ jókòó nílé ní Adó, ká ọwọ́ kò. Ìpè tó bá wọlé, fi ránṣẹ́ sí i. Ibi tó bá ti há, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìwọ ṣì wà ńlẹ̀ láti dáhùn.

Kọ lẹ́tà sí àwọn iléèwé lọ́sẹ̀ yìí. Sọ ọjọ́ tí o ń lọ, sọ ẹni tó ń bọ̀, kí o sì fi dátà iléèwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn ní Excel ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lè bínú kúrò. Jẹ́ kí wọ́n lọ pẹ̀lú dátà wọn. Nípa ìwọ fúnra rẹ, Google ní ètò kan tí o lè fi sọ ẹni tí wọ́n máa kó ohun inú àkáǹtì rẹ fún bí o ò bá wọlé fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣètò rẹ̀ lálẹ́ òní. GitHub, ibi tí àwa akọ-kóòdù ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà gbà kí o yan arọ́pò, ṣùgbọ́n kóòdù tó wà ní gbangba nìkan ni arọ́pò náà lè tọ́jú. Bí tìrẹ bá wà ní ìkọ̀kọ̀, àfi kí o fi orúkọ ẹni kejì sí i fúnra rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o. Láti 2003 ni mo ti ń tẹ oríkì ìdílé wa sórí kọ̀ǹpútà, ojú ewé 190 ló ti dé. Fọ́ǹtì Yorùbá kan tí ọ̀rẹ́ mi ṣe fúnra rẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti di olóògbé. Ọmọ mi ra láptọ́ọ̀pù tuntun fún mi, mo ṣí iṣẹ́ mi lórí rẹ̀, gbogbo ẹ ti di ë, gbogbo ṣ ti di àmì owó. Ṣé iṣẹ́ ogún ọdún ti ṣòfò nìyẹn?
Bàbá Onírárà, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Kò ṣòfò, Bàbá. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tuntun, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jù nù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ yín ò rí lẹ́tà ẹ gidi lò láyé ìgbà yẹn, ó wá mú lẹ́tà mìíràn, ó ya ẹ sójú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn wọ aṣọ eégún. Fọ́ǹtì yẹn ni aṣọ náà. Níbi tí kò bá sí, ojú ë á yọ. Ẹ wọ inú àpò tí wọ́n ń pè ní Fonts lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ wá orúkọ fọ́ǹtì ọ̀rẹ́ yín, ẹ dà á sórí fláàṣì méjì. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn kan náà, ẹ sọ gbogbo ojú ewé 190 di PDF, torí PDF lè gbé fọ́ǹtì náà mọ́ra, ẹ ó sì máa rí bí iṣẹ́ yín ṣe rí gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ lẹ́tà inú ẹ̀dà náà sí ẹ, ọ àti ṣ ti Unicode, èyí tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní mọ̀ láìsí fọ́ǹtì àkànṣe. Find and Replace inú Word lè ṣe é, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fàmì sí Match case, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré á dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ lè fi Keyman, ètò kan tí a fi ń tẹ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, tẹ̀wé. Marc Durdin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nítorí èdè Lao tí àwọn ará Laos ń sọ. Ní 2015, ó gbé e lé àjọ SIL, tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni báyìí, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, bọ́tìnì Yorùbá sì wà níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn gbà ṣe é, ó ṣì wà láàyè, ó ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà tó gbé e fún ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ lẹ́tà tán, ẹ má gbára lé ojú nìkan, torí àmì ohùn lè ti ṣí kúrò lórí lẹ́tà. Ẹ pe ọmọ ilé tó gbọ́ oríkì náà dáadáa, kó mú PDF dání, kí ẹ máa ki í sókè láti inú ẹ̀dà tuntun, ojú ewé mẹ́wàá lójoojúmọ́. Ibi tí ẹnu yín bá ti kọsẹ̀, kó fa ìlà sí i.